Ẹ Kọ́kọ́ Kọjá, Sà: Bí A Ṣe Pín Ojú Ọ̀run ní Maiduguri

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ìkìrun, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: "Mojí, ṣé o ò rí ogun níbẹ̀?" Tí mo bá ní mi ò rí i, ojú wọn á fà ro, àfi bí ìgbà tí mo gba ẹran lẹ́nu wọn. Mo ti wá pinnu pé màá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ìbọn, kó lọ wá a níbòmíràn. Èmi, eruku ni mo rí, mo rí oúnjẹ, mo sì rí ìkíni. Ìkíni yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da iṣẹ́ tí mo bá lọ sí Maiduguri rú.

Lamisula

Oòrùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Mo rò pé mo mọ oòrùn tẹ́lẹ̀, irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ti ilé wa níbí, oòrùn ọmọdé ni. Ti Maiduguri jókòó lé mi lórí láti ibùdókọ̀, kò sì dìde títí mo fi wọ àdúgbò Lamisula.

Ilé Ìyá Ráfíà ni wọ́n fi mí wọ̀ sí ní ọdún ìsìnrú ìlú mi. Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá ọkọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ìlú náà, ìdílé wọn sì ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù níbẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ìyá Ráfíà ń sọ Yorùbá tó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n Ráfíà ọmọ rẹ̀, tó ti ń kàwé ní yunifásítì, Hausa ló yá a lẹ́nu jù. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ina gajiya?"

Mo yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ó ń kí ọ kú àárẹ̀ ọ̀nà ni," ni Ìyá Ráfíà wí. "Dá a lóhùn pé ba gajiya, pé kò rẹ̀ ọ́."

"Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, mà."

"Ta ló bi ọ́ ní òótọ́? Ìkíni ni."

Ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá gbà pé kò sẹ́ni tó lè kí èèyàn jù wá lọ. A ní ti ẹni tó jókòó, a ní ti ẹni tó ń náwó, a ní ti ẹni tó ń gẹrun lọ́wọ́. Mo gbé ìgbéraga yìí lọ sí Maiduguri, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé mi nínú kẹ̀kẹ́ márúwá kò tíì mọ ibi tí mò ń lọ tó fi béèrè bí mo ṣe sùn, bí ilé ṣe wà, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bí ooru ṣe ń ṣe mí sí. Mo dáhùn tán, mo ní ó kàn kí n sọ ibi tí mò ń lọ, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bayarabiya ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Inú kì í bí mi sí i rárá, torí ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, kí àwọn tó ń sọ pé mo sanra lè mọ ẹni tí wọn yóò bá wí. Masa wà, tí wọ́n fi ìrẹsì yan, tí etí rẹ̀ gbẹ díẹ̀ tí àárín rẹ̀ rọ̀. Biriabisko wà, ọkà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ooru omi sè títí tó fi rí wóró-wóró, tí wọ́n wá da ọbẹ̀ ewé àti ẹja gbígbẹ lé lórí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́, mo ní kí Ìyá Ráfíà má sọ fún ìyá mi pé mo gbàgbé iyán.

Galtimari

Ní Galtimari, níbi tí ilé ti ń tán tí pápá ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ibi iṣẹ́ wa wà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì mélòó kan ló dá a sílẹ̀. Dírónù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú; ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó o. Apá tiwa fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, àpótí oògùn máa ń wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì lè lọ jìnnà kọjá ibi tí ojú èèyàn tó. Wọ́n kùn ún láwọ̀ ìyeyè rekete kí àyà àwọn tó bá rí i lókè má bàa já, torí ojú ìlú náà ti rí nǹkan láti òkè. Èmi ni wọ́n kọ́ láti máa darí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń lá àlá rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí n mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún ni Nọ́ọ̀sì Fanna. Ọmọ Kanuri ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé tí n óò máa pè ní Lẹ́yìn-Odò, nítorí wọn ò fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó wá sí Galtimari láti kọ́ bí wọn yóò ṣe máa gba àpótí tí dírónù bá jù sílẹ̀ fún wọn. Dírónù kì í balẹ̀ lọ́hùn-ún. Àpótí nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó ń ṣí lórí rẹ̀ bí agboòrùn, ọkọ̀ á sì padà sọ́dọ̀ wa. Fanna gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Tí òjò bá dé, omi máa ń bo ọ̀nà wa," ó ní. "Ejò á sá jáde nínú ihò, á wá sínú oko. Lọ́dún tó kọjá, ejò bu ọkùnrin kan jẹ. Oògùn rẹ̀ wà ní Maiduguri níbí nínú fíríìjì, kò sì sí bó ṣe máa la omi kọjá. Mo jókòó tì í títí ó fi kú. Mojí, don Allah, mo bẹ̀ ọ́, kí ẹ̀rọ yín tètè dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún yìí."

Mo ní yóò dé. Kò yẹ kí n ṣèlérí, torí kò sí lọ́wọ́ mi. Ojú ọ̀run Maiduguri kò ṣófo bí ẹ ṣe rò ó. Bàálù ńlá ń wọlé, ó ń jáde. Hẹlikópítà ń gbé oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ àti aláìsàn lọ sí àwọn ìlú tí ọ̀nà wọn kò dára, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ń fò sí, bíi tiwa. Dírónù wa kò lójú tó fi lè rí wọn, àwọn náà kò sì lè tètè rí ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lójijì, ẹ̀rọ lásán ni tiwa. Èèyàn ló wà nínú tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ kọjá ibi tí ojú mi ti lè rí i, àfi bí ọ̀gá kan láti Abuja bá wá wò ó tó sì rí i pé a lè bá àwọn tó kù pín ojú ọ̀run láìséwu. Tó bá ní rárá, òjò ọdún yẹn yóò kọjá lọ lórí Fanna bí ó ṣe kọjá tẹ́lẹ̀.

Ilé ìṣọ́

Ẹni tó ń darí àwọn ọkọ̀ láti ilé ìṣọ́ ní pápákọ̀ òfurufú ni Malam Modu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá a, ó da tíì fún mi sínú ife kékeré, ó béèrè ilé mi, bàbá mi, ìyá mi, àwọn àbúrò mi, ó béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Ìkìrun. Mo rò pé ọlọ́rọ̀ púpọ̀ ni. Àfi ìgbà tí rédíò sọ̀rọ̀ tó dá awakọ̀ bàálù kan lóhùn! Ọ̀rọ̀ tó sọ kò kún ṣíbí.

Ó kọ́ mi ní òfin rẹ̀. Olúkúlùkù yóò sọ ibi tó wà, bó ṣe ga tó, ibi tó ń lọ, yóò sì dákẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a óò sọ, kí gbogbo ẹni tó wà lókè lè gbọ́ ara wọn yé. Dírónù yóò máa rìn nísàlẹ̀, hẹlikópítà yóò máa rìn lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pàdé, èmi ni n óò yà kúrò lọ́nà, n óò máa yípo títí ọkọ̀ tó ní èèyàn nínú yóò fi kọjá.

"Ṣé ó yé ọ?" ó bi mí.

Mo ní ó yé mi dáadáa. Kí ló le níbẹ̀? Mo tilẹ̀ rò pé ó ń fi àkókò mi ṣòfò.

Ọjọ́ tí a kí ara wa

Ọjọ́ tí ọ̀gá Abuja wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Galtimari, ó ń wo kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ́ rédíò. Dírónù gbéra wẹ́rẹ́. Ó kọjá ibi tí ojú tó, a kò rí nǹkan kan mọ́ àfi àmì kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Mo sọ ibi tí mo wà àti bí mo ṣe ga tó. Hẹlikópítà kan ń bọ̀ níwájú, mo yà sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní kó kọjá.

Ohùn àgbàlagbà kan jáde láti inú hẹlikópítà náà pẹ̀lú Yorùbá tó mọ́ gaara: "Ohùn wo nìyẹn? Ṣé ọmọ wa ló ń darí nǹkan yìí?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Oṣù mélòó kan ni mo ti fi jẹ́ àlejò. Ẹni kan wá pè mí ní ọmọ wa lójú ọ̀run Borno. Inú mi dùn, orúnkún mi ti ń tẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí n tó mọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ kú iṣẹ́, sà!"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ibo?"

"Ọmọ Ìkìrun ni mí, sà."

"Ìkìrun! Ọmọ Ìkìrun nìyàwó mi! Ilé ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"A dúpẹ́, sà. Ẹ kọ́kọ́ kọjá, sà."

"Èmi kẹ̀? Oògùn lo gbé. Kọjá, ọmọ mi, mo ti yà fún ọ."

"Kò ṣeé ṣe, sà. Ẹ̀yin àgbà ni, ẹ sì gbé èèyàn."

"Mo ní kọjá."

"Ẹ dákun, sà, ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Ó dáa, nígbà tó o ti bẹ̀ mí."

Àṣé èmi náà ti rò ó lọ́kàn ara mi pé kò dáa kí àgbà pàṣẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọdé má gbọ́. Mo ti dá dírónù padà sójú ọ̀nà. Òun náà ti padà sójú ọ̀nà. A jọ kọjú sí ara wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá.

Ohùn Malam Modu bú jáde: "Gẹ̀ẹ́sì! Ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì! Kí lẹ̀ ń bá ara yín sọ? Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ yà kúrò níbẹ̀!"

A yà. Ààyè tó wà láàárín wa kò kéré, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí òfin fẹ́. Awakọ̀ mìíràn tó wà lókè ń béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, pé òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan yé. Bátìrì mi sì ti lọ sílẹ̀ níbi tí mo ti ń yípo, mo ní láti dá ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú àpótí rẹ̀.

Ọ̀gá Abuja bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra nù ún. "Ẹ̀rọ yín mọ iṣẹ́ rẹ̀," ó ní. "Ìwà rere yín ló ń bà mí lẹ́rù." Ó ní òun yóò tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó padà sí Abuja, ìyẹn ni yóò sì jẹ́ ìkẹyìn. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ márúwá délé. Ẹni tó gbé mi sì ń kí mi kú ẹkún ní gbogbo ọ̀nà.

Old GRA

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Kápúténì Ìdòwú, ẹni tó wa hẹlikópítà náà, ránṣẹ́ pe èmi àti Malam Modu sí ilé tó ń gbé ní Old GRA. Lábẹ́ igi dongoyárò ni a jókòó sí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ga débi pé mi ò mọ bó ṣe ń wọ inú ọkọ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, pé ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló kó wa sí wàhálà.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fò, mo mọ òfin. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ, inú mi dùn jù."

Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní rárá, òun ni. Malam Modu gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" ó ní, a sì bú sẹ́rìn-ín, títí omi fi bọ́ lójú Kápúténì.

Malam Modu ló wá dámọ̀ràn. Ó ní ìkíni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé òun ò lè gbé ní ìlú tí wọn kì í ti í kíni. Ibi tí a ti kí ara wa ni kò dára. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbéra láàárọ̀, gbogbo wa yóò pàdé ní ilé ìṣọ́. A óò mu tíì, a óò kí ara wa kúnnákúnná, ti ilé, ti ọmọ, ti ìyàwó, ti òjò, kó má ku nǹkan kan. Nígbà tí a bá jáde níbẹ̀, ìkíni ti tán nínú wa. Lókè, kò ní sí àgbà, kò ní sí ọmọdé, kò ní sí ẹ jọ̀ọ́; ẹni tó bá rí ewu yóò kàn sọ pé kí èkejì dúró.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," Kápúténì wí. Ó kọjú sí mi. "Ó yá, sọ fún mi pé kí n dúró."

"Ẹ dákun, sà, ẹ bá mi dúró."

"Rárá. Sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe."

Ó pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu mi. Mo lọ ń kọ́ ọ nílé. Mo ń fi omi wẹ ìrẹsì, mo ń pariwo pé, "Dúró! Má sọ̀kalẹ̀!" Ìyá Ráfíà yọjú láti yàrá, ó ní, "Ta lò ń bá wí nínú ilé mi?" Mo ní Kápúténì ni. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má bà á lórúkọ jẹ́ níwájú ọbẹ̀ òun.

Ìkùukùu

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá Abuja fẹ́ wò wá ní ìkẹyìn ni Fanna pè. Ejò ti bu obìnrin kan jẹ nínú oko ní Lẹ́yìn-Odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé orúnkún. Omi ti bo ọ̀nà. Fanna kò sunkún lórí fóònù, ohun tó sọ kò ju, "Mojí, ó ti ṣẹlẹ̀."

Mo fẹ́ sáré lọ sí Galtimari lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn tó kù ṣe ń di oògùn sínú àpótí pẹ̀lú yìnyín lọ́hùn-ún, Malam Modu ní òfin ni òfin. A kí ara wa ní ilé ìṣọ́, ní ìdúró, pẹ̀lú ìkánjú, a ò sì fo ohunkóhun. Mo béèrè ìyàwó Kápúténì, ọmọ Ìkìrun. Ó béèrè ìyá mi. Ọ̀gá Abuja dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé.

Kápúténì lọ wọ hẹlikópítà rẹ̀, èmi àti ọ̀gá Abuja sáré lọ sí Galtimari, dírónù sì gbéra. Mo sọ ibi tí mo wà, mo dákẹ́. Ó kọjá ibi tí ojú tó. Ó kọjá ibi tí a ti kí ara wa lọ́jọ́sí. Ìgbà náà ni ohùn Kápúténì jáde ní Gẹ̀ẹ́sì: ìkùukùu òjò wà níwájú òun, òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo wo kọ̀ǹpútà. Abẹ́ ìkùukùu yẹn gan-an ni dírónù mi wà.

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi láti kékeré dìde nínú mi. Lójú inú mi, mo rí obìnrin kan tí mi ò mọ̀ tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú Fanna.

"Rárá," ni mo wí. "Dúró níbi tó o wà. Má sọ̀kalẹ̀. Mo wà ní abẹ́ rẹ."

Kò pẹ́ rárá kó tó dáhùn. "Mo gbọ́. Mo dúró."

Àmì méjèèjì ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ̀gá Abuja tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọ́n kọjá ara wọn, wọ́n ń jìnnà síra.

"Mo ti kọjá," ni mo wí. "Sọ̀kalẹ̀ tó o bá fẹ́."

"Mo gbọ́. Mò ń sọ̀kalẹ̀."

Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ. Dírónù dé Lẹ́yìn-Odò, ó ju àpótí sílẹ̀, ó yí padà. Fanna pè: àpótí ti wà lọ́wọ́ òun, yìnyín inú rẹ̀ kò tíì yọ́. Ọ̀gá Abuja dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní a lè máa lọ bí ó bá ṣe jìnnà tó, bí a bá ti lè máa ṣe báyìí. Mo fò sókè níwájú rẹ̀, ojú ò tì mí. Kápúténì balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní Yorùbá láti ibi tó ti ń bọ̀ lókèèrè, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lẹ́nu tó báyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Fanna tún pè. Obìnrin náà ti jókòó, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó ti mu kunu. Fanna ní ó ní ìbéèrè kan tó ń dà á láàmú láti àárọ̀, pé òun ti ṣàlàyé títí kò gbà. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn àgbàlagbà, ó ń sọ Kanuri. Fanna ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ìyeyè yẹn ńkọ́? Ó ní ẹni tó gba irú ọ̀nà yẹn wá nítorí òun, kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kó padà láìjẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sún fóònù mọ́ ẹnu.

"Sọ fún un pé mo ti yó," ni mo wí.